Mo ń tọ́jú owó pàjáwìrì, mo sì ń ná an. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláàárẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá ni kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tẹ bọ́tìnì láàárọ̀, iná pupa kékeré kan ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù mi ni àtúnṣe rẹ̀ gbà. Mi ò ní nǹkan kan nílẹ̀, owó elélé ni mo lọ yá, mo sì ń san án lọ́wọ́ báyìí.

Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìfowópamọ́, kò sí èyí tó pé oṣù méjì. Mo máa ń pààrọ̀ síìpù aṣọ fáwọn èèyàn lálẹ́, ṣùgbọ́n owó yẹn náà, mi ò mọ ibi tó ń gbà lọ. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, gbèsè ni àbí ìfowópamọ́?

Ìyá Àgbà Onírirò: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Níbo ni owó yẹn ń wà? Bó bá jẹ́ inú àkáǹtì tí o fi ń ra nǹkan ni, wàá ná an, kò sí àlàyé méjì. Ṣí òmíràn, má gba káàdì sí i. Ní kí báńkì máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sínú ẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kí ojú ẹ tó rí i. Àmọ́ má tì í pa di ọdún tó ń bọ̀ o. Wàhálà kì í dájọ́.

Ohun tó ń jẹ́ kó sú ẹ, ìṣirò ni. Tó o bá ń tọ́jú ìdá kan tó o sì ń ná mẹ́sàn-án, oṣù 9 ni wàá fi kó ìnáwó oṣù kan ṣoṣo jọ. Ìnáwó oṣù 3 tí gbogbo ayé ń pariwo pé kéèyàn ní nílẹ̀ fún pàjáwìrì, oṣù 27 nìyẹn! Ta ni ò ní sú? Gbàgbé ìyẹn ná. Iye tí wọ́n fi tún kọ̀ǹpútà ẹ ṣe gan-an ni kó o lé. Kò ní ju oṣù mẹ́rin lọ. Kí gbogbo owó síìpù máa bọ́ síbẹ̀, wàá tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèkánná: Ìyá, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ló bá èmi lára mu. Mú iye kékeré tí agbára ẹ ká, pè é ní ẹyọ kan. Fi ẹyọ 1 pamọ́ lọ́sẹ̀ kìíní, 2 lọ́sẹ̀ kejì, títí dé 52. Gbogbo ẹ̀ á jẹ́ ẹyọ 1,378. Èmi tiẹ̀ dà á dé ni: 52 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara ṣì le, tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ sí 1.

Ní ti gbèsè, tí owó kọ̀ǹpútà yẹn bá ti pé, dá ìfowópamọ́ dúró ná, kó o da gbogbo agbára sórí gbèsè. Èlé tó ń jẹ ẹ́ pọ̀ ju èyí tí báńkì máa san fún ẹ lọ. Tó o bá tún ń wá iṣẹ́ kún síìpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ní kó o kọ́kọ́ sanwó ìforúkọsílẹ̀, sá fún un. Mo ti jẹ iyán ẹ̀ níṣu.

Aláàárẹ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣí àkáǹtì náà, "Kọ̀ǹpútà" ni mo sọ ọ́ kójú máa tì mí tí mo bá fẹ́ fọwọ́ kàn án. Síìpù mẹ́ta ti wọlé lọ́sẹ̀ yìí, owó wọn ti wà níbẹ̀. Ìyá, bí ọ̀rẹ́ bá wá yáwó ńkọ́?

Ìyá Àgbà Onírirò: Owó ọwọ́ ẹ ni kó o fi dá a lóhùn, kì í ṣe "Kọ̀ǹpútà". Àwọn síìpù yẹn, ṣé ti jákẹ́ẹ̀tì wà ńbẹ̀? Fowó lé ìyẹn o, ó máa ń pẹ́ lọ́wọ́.