Àìdásẹ́sìn àti àdúrà àfàṣẹgbà: tèmi rèé o

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ láti ìjẹta, látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní òfin ti béèrè pé kí ni Yorùbá máa pe separation of church and state, ìyẹn pé kí ìjọ àti ìjọba wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé àdúrà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣètò tó sì ní káwọn èèyàn máa gbà, kí lorúkọ tìyẹn náà. Ohun tó wà nílẹ̀ títí di àárọ̀ yìí ni "ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀sìn àti ìjọba", "ìpínyà ṣọ́ọ̀ṣì àti ìjọba", "ìjọba aláìlẹ́sìn", àti fún ìkejì, "àdúrà ìjọba" pẹ̀lú "àdúrà àfipágbà". Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀, tó bá sì gùn ẹ má bínú, iná wà ní Mọ́kọ́lá lónìí.

Ẹ jẹ́ ká gbé "ìyàsọ́tọ̀" kúrò nílẹ̀ kíá. Ẹni tó bá dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì n'Íbàdàn níbí mọ ohun tó ń jẹ́ ìyàsọ́tọ̀. Wọ́n á kọ́ ilé ìjọsìn tuntun tán, bíṣọ́ọ̀bù á dé, á fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, á yà á sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Èèyàn tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ náà, Ọlọ́run ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ fún ìyá mi pé òfin ní kí wọ́n ya ìjọba sọ́tọ̀, ohun tí màmá máa gbọ́ ni pé gómìnà ti fẹ́ di wòlíì, wọ́n á sì ní kí Ọlọ́run bá a ṣe é. Ìdàkejì ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn!

"Ìpínyà" sàn díẹ̀, àmọ́ àwọn tó ti jọ gbé rí ló ń pínyà. Ó bá ti ilẹ̀ Faransé mu, torí pé lóòótọ́ ni wọ́n jọ gbé níbẹ̀, ìjọba ló ń san owó oṣù àwọn fadá kí òfin ọdún 1905 tó tú wọn ká. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Àwọn yẹn ò tíì pínyà títí dòní, ọba wọn náà ni olórí ìjọ Áńgílíkà, bíṣọ́ọ̀bù 26 sì ní àga nílé aṣòfin àgbà wọn. Ti Amẹ́ríkà tí ẹ̀gbọ́n wa ń túmọ̀ wá yàtọ̀ sí méjèèjì. Ọjọ́ kìíní ọdún 1802 ni Thomas Jefferson, ààrẹ wọn nígbà náà, kọ lẹ́tà sáwọn Onítẹ̀bọmi ìlú Danbury ní ìpínlẹ̀ Connecticut, inú ẹ̀ ló ti sọ pé àtúnṣe àkọ́kọ́ sí ìwé òfin wọn, èyí tó fìdí múlẹ̀ lọ́dún 1791, ti mọ ògiri sáàárín ìjọ àti ìjọba. Ẹ wá wo ẹni tó ń fẹ́ ògiri o! Kì í ṣe kèfèrí kankan. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, Kristẹni pọ́ńbélé, ìjọ Congregational ló ń bà wọ́n lẹ́rù torí ìyẹn ni Connecticut mú bí ìjọ ìjọba títí di 1818. Torí náà, bùrọ̀dá tó ní ọ̀tá ẹ̀sìn ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá sáyé, ẹ jọ̀ọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbàdúrà gan-an ni kò fẹ́ kí ìjọba bá wọn dá sí àdúrà wọn. Ẹ mú "dá sí" yẹn dání, mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ògiri Jefferson, àfiwé ni. Ti Yunifásítì Ìbàdàn níbí, wọ́n mọ ọ́n ní tòótọ́. Àwọn àgbà inú wa rántí ìjà àgbélébùú yẹn láàárín àwọn ọdún 1980, àgbélébùú ṣọ́ọ̀ṣì ti wà níbẹ̀ tipẹ́, mọ́ṣáláṣí tuntun wá bọ́ sítòsí, àwọn Mùsùlùmí ní táwọn bá ń kírun àgbélébùú ló wà níwájú àwọn, àwọn Kristẹni ní kò síbi tó ń lọ. Ibi tọ́rọ̀ parí sí ni pé wọ́n mọ nǹkan dí àárín méjèèjì. Ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ ni o. Mi ò mọ̀ bóyá Jefferson á rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku "ìjọba aláìlẹ́sìn". Àwọn ọ̀dọ́ inú wa fẹ́ràn ẹ̀ torí ó kúrú, ṣùgbọ́n lẹ́nu Yorùbá, aláìlẹ́sìn kì í ṣe ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, èèyàn burúkú ni, ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, tẹ́ ẹ bá fi pe ènìyàn ní Bẹẹrẹ ẹ máa ja ìjà. Ìjọba wo ló máa gbà kí wọ́n pe òun bẹ́ẹ̀? Yàtọ̀ síyẹn, kò bá ìwé òfin tiwa náà mu. Ẹ ṣí ìwé òfin 1999 sí abala 10, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ẹ̀sìn kankan bí ẹ̀sìn ìjọba. Ó parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó ń pè ní secular tí gbogbo lọ́yà fi ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí nínú ìwé yẹn rárá. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an ló ti ní a ó jọ máa gbé bí orílẹ̀-èdè kan lábẹ́ Ọlọ́run. Ìwé tó pe orúkọ Ọlọ́run kó tó pe orúkọ ààrẹ, ẹ wá fẹ́ fi aláìlẹ́sìn túmọ̀ ẹ̀.

Èyí tí mo mú wá ni "àìdásẹ́sìn". Ìjọba ò dá sí ẹ̀sìn. Kò sọ pé ìjọba kò lẹ́sìn, kò sọ pé gómìnà ò gbọdọ̀ lọ sí Jímọ̀ tàbí kó lọ sí rẹdíḿù, ó kàn sọ ohun tí ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó sì mú apá méjèèjì tí àtúnṣe Amẹ́ríkà yẹn ní, torí apá méjì ló ní, ẹ má gbàgbé: ìjọba ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀sìn kan kalẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe tiẹ̀. Ẹni tó bá tì ọ́ lẹ́yìn ti dá sí i, ẹni tó bá dí ọ lọ́wọ́ náà ti dá sí i. Ẹnì kan dábàá "àìfẹ̀sìnṣèjọba" lálẹ́ àná, ọ̀rọ̀ tó dáa ni, ó bá gírámà mu, màá fẹ́ ká fi pamọ́ fún ìgbà tá a bá ń sọ̀rọ̀ ìlú tí àwọn àlùfáà ti ń ṣèjọba, ṣùgbọ́n apá kan péré ló bò. Ìjọba tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì pa lè máa pariwo àìfẹ̀sìnṣèjọba kiri.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní "dá sí" tún túmọ̀ sí ká dá nǹkan sí, bíi kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ibi tí nǹkan náà ń jókòó sí. Tí mo bá dá ẹ̀mí sí, àárín ni ẹ̀mí wà. Tí mo bá dá sí ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. "Àìdásẹ́sìn", ẹ̀yìn ni ẹ̀sìn wà, kò lè jẹ́ pé ìjọba kò dá ẹ̀sìn sí, àfi tí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá fẹ́ jà tẹ́lẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé etí Yorùbá máa gbọ́ owó níbẹ̀ náà, torí dá sí yẹn náà la fi ń dáwó sí nǹkan, ẹ dá sí àpò ẹgbẹ́, ṣé ẹ ti dá tiyín sí i? Owó sì ni ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ tó ń rí sí Hájì, ó ní òmíràn fún àwọn Kristẹni tó ń lọ Jerúsálẹ́mù, àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn, ká tó wá dé orí Alhájì àti JP tí kálukú ń lẹ̀ mọ́ iwájú orúkọ. Ìjọba dá sí i ní gbogbo ọ̀nà tí Yorùbá lè gbà sọ ọ́.

Ó yá, àdúrà. "Àdúrà ìjọba" kò ṣeé mú, torí Áńgílíkà ti ń gba àdúrà fún ọba àti gbogbo aláṣẹ láti ìgbà Crowther, tí ẹ bá sọ àdúrà ìjọba, ẹni tí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì máa rò pé ìyẹn lẹ ń wí. Pé èmi gbàdúrà fún gómìnà àti pé gómìnà kọ àdúrà fún mi, nǹkan méjì tó jìnnà síra ni. "Àfipágbà" ló jọ pé ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Ẹjọ́ tó dá gbogbo àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Engel àti Vitale, ọdún 1962, kò sí ipá níbẹ̀. Àjọ tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ New York ló kọ àdúrà kékeré kan, ọ̀rọ̀ 22 péré lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún àwa, àwọn òbí wa, àwọn tíṣà wa àti ìlú wa. Kò pe Jésù, kò pe ẹnì kankan. Ọmọ tí kò bá fẹ́ lè dákẹ́, ó lè jáde. Síbẹ̀ kọ́ọ̀tù tó ga jù ní rárá, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti máa kọ àdúrà fáwọn èèyàn láti gbà. Ẹ ò rí i pé tá a bá pe èyí ní àfipágbà, lọ́yà ìjọba máa dìde ni, á ní ta la na lẹ́gba? Á sì jàre, torí kò sẹ́ni tí wọ́n nà.

Ìdí tí mo fi dábàá "àfàṣẹgbà" nìyẹn. Àṣẹ ìjọba ló gbé àdúrà náà kalẹ̀, ì báà fipá mú ọ, ì báà má fipá mú ọ. Ẹnì kan á ní ó jọ fàṣẹ ọba mú. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, kó máa jọ ọ́, jàre.

Ní iléèwé ìjọba kan lápá Yemẹtu tí mo ti ṣe tíṣà rí, bí a ṣe ń ṣe é láàárọ̀ ni pé wọ́n á gba "Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run", wọ́n á tún ké Fátíhà, wọ́n á wá kọ orin orílẹ̀-èdè. Tó bá kan ti Mùsùlùmí, ọmọ Kristẹni kan máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé ó ń so okùn bàtà, bàtà tí kò ní okùn rárá ló sì máa ń wọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí bàbá ẹ̀ jẹ́ babaláwo, ìyẹn kì í bẹ̀rẹ̀, kì í sì í la ẹnu, á kàn máa wo òkè títí wọ́n á fi parí. Abala 38 ìwé òfin wa sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú ọmọ iléèwé kankan ṣe ìjọsìn ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiẹ̀, písípà á sì sọ fún yín pé òun ò mú ẹnikẹ́ni. Ohun tí kọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà rí lọ́dún 1962 gan-an ló wà níwájú wa lójoojúmọ́ láàárín aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀. Kí ẹ sì má sọ pé méjèèjì la gbà torí náà kò sí ojúsàájú. Ẹni tó dá sí ẹ̀sìn méjì kò ṣe àìdásẹ́sìn, ó dá sí i lẹ́ẹ̀mejì ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí àwọn oníṣẹ̀ṣe máa béèrè tiwọn, ọdún 2023 ni Ọ̀yọ́ fún wọn ní ọlidé nínú oṣù kẹjọ, inú mi dùn fún wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ń lọ síbi pé kí wọ́n dá sí mẹ́ta báyìí.

Ẹ jẹ́ ká má sì rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti yanjú tiwọn. Ilé aṣòfin wọn ti ń sanwó fún ẹni tó ń gbàdúrà fún wọn láti 1789. Kọ́ọ̀tù kan náà tó fòfin de àdúrà New York gbà lọ́dún 1983 pé ilé aṣòfin Nebraska lè máa san owó oṣù fún tiẹ̀, ó tún sọ ní 2014, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀ ìlú Greece ní New York lè máa fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Torí náà àfàṣẹgbà bá ti iléèwé mu dáadáa. Ó bá orin orílẹ̀-èdè wa mu náà, torí òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2024 ló dá orin àtijọ́ padà, ẹsẹ tó kẹ́yìn nínú ẹ̀ sì jẹ́ àdúrà sí Ọlọ́run, kò tún sí àṣẹ tó ju ìyẹn lọ.

Ibi tí kò ti bá a mu ni ìpàdé. Ẹ lọ sí èyíkéyìí ní Agodi, ẹni tó di máìkì mú á ní kí pásítọ̀ fi àdúrà ṣí i, kí lẹ́mọ́mù fi àdúrà pa á dé. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀, kò sí níwèé òfin, tí wọn ò bá sì ṣe é gbogbo gbọ̀ngàn á máa wo ara wọn lójú. Mo ti gbìyànjú "àdúrà àgbàyípo", kò dùn létí mi. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó jù ú sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa ní òun máa fi ìwé tí òun ń túmọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.