Hilux 4x4 tí ọ̀pá gíà rẹ̀ ń yẹ̀: ṣé kí n rà á?

ỌmọÌdànrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ìmọ̀ràn yín kí n tó kówó sílẹ̀. Oko kòkó wa wà lẹ́yìn Ìdànrè, tí òjò bá sì ti dé, ojú ọ̀nà ibẹ̀ á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Mo rí Hilux 4x4 tòkunbọ̀ kan, ọdún 2012, ẹ́ńjìnì 2.7 tó ń lo bẹntiróòlù, gíà mánúà, tí ọ̀pá kékeré ti 4x4 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà ńlá. Nígbà tí mo wà á wò, bí mo bá ti tẹ iná ní gíà kìíní, ọ̀pá méjèèjì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, wọ́n á padà. Mo tún fa ọ̀pá kékeré sí H4 (tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà), mo sì kọ́nà lórí kọnkéré ọgbà wọn. Ṣe ni ọkọ̀ ń lọ́ tìkọ̀, ọ̀pá kékeré náà ò sì fẹ́ padà sí H2 (tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń fà) mọ́. Ẹni tó ń tà á ní bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Kí lẹ rí sí i?

Awakọ̀Ọ̀yọ́
Ẹ má rà á. Ọ̀pá tó bá ń rìn fúnra rẹ̀, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ti lọ. Ẹ ó kàn lọ wá òmíràn ní ọjà Ladipo l'Ékòó ni.

MẹkáníìkìGate
Awakọ̀Ọ̀yọ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó ná. Lára Hilux yìí, orí gíábọ́ọ̀sì gan-an ni ọ̀pá gíà dúró sí. Kò sí wáyà láàárín wọn bíi ti ọkọ̀ kékeré tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà. Bí gíábọ́ọ̀sì bá yẹ̀, ọ̀pá á bá a yẹ̀.

Ẹ́ńjìnì, gíábọ́ọ̀sì àti transfer (èyí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn), odindi kan ṣoṣo ni wọ́n dè wọ́n pọ̀ sí. Sítì ẹ́ńjìnì méjì gbé e níwájú, sítì gíà gbé e lẹ́yìn, rọ́bà sì wà nínú gbogbo wọn. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fi agbára yí propeller (ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé agbára lọ síbi táyà) sápá kan, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára yẹn ń ti òun fúnra rẹ̀ sápá kejì. Gíà kìíní ni títì yẹn ti máa ń le jù. Tí ẹ bá wá wà ní L4, á tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti H4, torí iṣẹ́ L4 gan-an nìyẹn: kó dín eré kù, kó sọ agbára di púpọ̀. Nítorí náà, kí ọ̀pá yẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Bó ṣe yẹ̀ tó ni ká wò.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnì kan jókòó sídìí sítẹ́ríńgì, kó fa hand brake, kó tún tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa. Kó fi sí gíà kìíní, kó jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì gbé díẹ̀, lẹ́yìn náà kó ṣe bẹ́ẹ̀ ní rìfáásì. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ dúró sí o. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá ń fò sókè kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, sítì ti ya. Sítì kì í ṣe owó gíábọ́ọ̀sì rárá.

Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi sí fírì, kí ẹ mi ọ̀pá náà. Bó bá ń rìn yí ká bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan, tí ẹ sì ń wá gíà kẹta kiri, búùṣì oníke tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ló ti jẹ tán. Inú ọkọ̀ la ti ń pààrọ̀ rẹ̀, kò sídìí pé à ń sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni gíà tó ń já. Ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ fi sí gíà kejì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ má di ọ̀pá mú. Bó bá fò padà sí fírì fúnra rẹ̀, inú gíábọ́ọ̀sì ló ti bàjẹ́, òótọ́ sì ni Awakọ̀Ọ̀yọ́ sọ nígbà náà.

ÌyáẸlẹ́rù
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ H4 yẹn kì í ṣe àrùn. Ọkọ̀ mi náà á ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fi H4 kọ́nà lórí ọ̀dà. Tí ẹ bá wà ní H4, propeller iwájú àti ti ẹ̀yìn ti so pọ̀, iye kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí. Bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ bá ń kọ́nà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ara á tu ọkọ̀. Lórí kọnkéré, táyà ò rí ibi yọ̀ sí, gbogbo lílọ́ yẹn á wá há sínú transfer, á di ọ̀pá mú pinpin. Ẹ má fi agbára fà á. Ẹ tọ́ sítẹ́ríńgì, kí ẹ yí padà sẹ́yìn díẹ̀, á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Orí ilẹ̀ oníyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ ti dán an wò. Láti H2 sí H4, ẹ lè fà á lórí ìrìn, tí eré kò bá ti ju kìlómítà 80 ní wákàtí kan lọ. Ti L4, ẹ dúró pátápátá, kí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó fà á. Mo máa ń bá àwọn dẹ́rẹ́bà mi jà lórí ìyẹn gan-an.

TáyàKan
Ẹ ka nọ́ńbà ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ti iwájú bá kéré ju ti ẹ̀yìn, H4 á máa lọ́ kódà lójú ọ̀nà tó tọ́.

ỌmọÌdànrè
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti padà lọ. Sítì ẹ́ńjìnì dáa, àmọ́ rọ́bà sítì gíà ti pín sí méjì. Gíà kejì kò já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Táyà iwájú kéré ju ti ẹ̀yìn lóòótọ́! Lórí ilẹ̀, H4 àti L4 wọlé, wọ́n sì jáde. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù: tí mo bá ń ti fírì bọ́ sí gíà, ó ń dún “gbì” lábẹ́.

MẹkáníìkìGate
Cross propeller, ìyẹn oríkèé rẹ̀, nìyẹn lè jẹ́. Ẹ fi òkúta di táyà, fi sí fírì, wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí propeller síwá sẹ́yìn. Ibi tó bá ti ń mì lójú oríkèé rẹ̀, ẹ ti rí i. Ẹ wo center bearing tó gbé propeller láàárín náà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù lára gíábọ́ọ̀sì, transfer àti diff méjèèjì (ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti òsì). Ìyẹ̀fun irin kíkúnná lára nọ́ọ̀tì kò burú. Eyín irin tó kán ni kí ẹ sá fún. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀.

Tí ìyẹn bá mọ́, èmi á rà á, àmọ́ kí wọ́n yọ owó táyà méjì, sítì gíà àti cross kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Ẹ má ra sítì tòkunbọ̀, rọ́bà tó ti gbó ni. Ọ́ìlì tuntun, 75W-90 fún gíábọ́ọ̀sì àti transfer. Tó bá sì di ọ̀gbẹlẹ̀, tí ẹ ò nílò 4x4 mọ́, ẹ ṣì máa fi H4 rìn tó kìlómítà 16 lóṣooṣù lójú ọ̀nà ilẹ̀, kí ọ́ìlì lè máa dé ara irin iwájú.

ỌmọÌdànrè
Mo ti gbọ́, sà. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti mẹkáníìkì wa á lọ tú àwọn nọ́ọ̀tì yẹn. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé a ò gbọdọ̀ tú u, mo ń bọ̀ nílé nìyẹn.