Kókó kékeré ẹ̀gbẹ́ imú mi kò jinná láti oṣù mẹ́ta: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ̀rù ló gbé mi wá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kókó kan ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ imú mi, níbi tí ihò imú ti pàdé ẹ̀rẹ̀kẹ́, irorẹ́ ni mo sì kọ́kọ́ pè é. Ó dúdú, ó ń dán díẹ̀, kò dùn mí rárá. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí mo bá ń fi aṣọ ìnura nu ojú, èépá orí rẹ̀ á ṣí, ẹ̀jẹ̀ á kán sára aṣọ náà ní ẹ̀kán kan péré, kó tó di ọjọ́ kẹta yóò ti tún sé èépá mìíràn. Dókítà tí mo rí lánàá ní kí n lọ rí dókítà awọ ara, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i ni wọ́n sì fún mi. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé kí n dúró ni, àbí kí n gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ? Mi ò fojú kan oorun lóru àná.

Bọ̀dá Awakọ̀
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun pa á. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn. Oṣù méje gbáko ni mo fi ń fi ìpara tó ní steroid pa tèmi, nítorí pé ó ń mú kí ó rọlẹ̀, tí mo sì ń dúpẹ́ pé ó ti ń lọ, láìmọ̀ pé ó ń jẹun lọ lábẹ́ awọ. Nígbà tí wọ́n gé e lọ yẹ̀ wò, basal cell carcinoma ni, irú jẹjẹrẹ awọ ara kan. Ọ̀nà tí Frederic Mohs dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ mi: wọ́n á gé ìpele tín-ín-rín kan, wọ́n á gbé e lọ sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, èmi á jókòó dè wọ́n pẹ̀lú òwú lójú imú, wọ́n á padà wá gé òmíràn níbi tó bá ṣẹ́ kù nìkan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n padà wá lọ́jọ́ náà. Ihò tó kù tó èékánná àtàǹpàkò, awọ iwájú orí mi ni wọ́n sì fà wá dí i. Ká ní mo tètè lọ ni, bóyá rírán lásán ni ìbá jẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà ní ẹ̀ka awọ ara, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Irú tí Bọ̀dá ní ló wọ́pọ̀ jù lórí imú. Kì í sábà rìn lọ sí ibòmíràn nínú ara, ṣùgbọ́n ibi tó bá wà ló ń jẹ, ó sì lè jẹ ẹ́ dé eegun rírọ̀ imú. Àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ni nípa rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kókó pupa lára aláwọ̀ funfun; lára tiwa, ó sábà máa ń dúdú, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní àmì ara. Bí ẹ bá fi ìka méjì na awọ ibẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ ó rí i nígbà mìíràn pé etí rẹ̀ ga ju àárín lọ, ó sì ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Irú kejì, squamous cell carcinoma, máa ń le, ó máa ń sé èépá nípọn, ó lè yára dàgbà kí ó sì dé inú kókó ọrùn. Ó fẹ́ràn ojú àpá iná àti egbò tó ti pẹ́. Melanoma ni ẹ̀kẹta, èyí tó jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló ti sábà máa ń mú àwa aláwọ̀ dúdú; abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley, tó kú ní ọdún 1981, ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè wo imú yín láti ibí kó ní òun ni tàbí òun kọ́. Gígé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò nìkan ló lè sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ni wọ́n á kọ́kọ́ fún yín kí ojú ibẹ̀ má baà mọ ìrora.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Ìpara Bọ̀dá kọ́ ni àṣìṣe tó burú jù. Dókítà kan fi nitrogen olómi, èyí tó tutù ju yìnyín lọ, jó tèmi láì gé nǹkan kan lọ yẹ̀ wò, ó ní awọ dúdú kì í ní jẹjẹrẹ orí imú. Ojú ibẹ̀ funfun, mo rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó hù padà lábẹ́ àpá funfun náà, ó sì ti fẹ̀.

Bọ̀dá Awakọ̀
Àbúrò, mi ò gbà pé dókítà nìkan ló jẹ̀bi. Ṣé ẹ padà lọ nígbà tí ó kọ́kọ́ hù? Àwa gan-an là ń fi nǹkan pamọ́.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò padà lọ nígbà tí oníṣẹ́ ìlera ti ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Ó kéré lára wa ju lára aláwọ̀ funfun lọ, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n “ó kéré” kì í ṣe “kò sí,” ohun tí a kò retí la sì máa ń pẹ́ mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jó nǹkan lójú yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó pè é àti ohun tí ó fi mọ̀. Àwọn afín, àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún tí wọ́n ń lo oògùn tó ń dẹ agbára ìdènà àrùn lọ́wọ́, àti àwọn tó ń bóra, kí wọ́n má tilẹ̀ dúró dìgbà tí ohunkóhun bá yọ.

Ará Ìlú Yìnyín
Ẹ̀yin ará etíkun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní ìlú tiwa, yìnyín ló ń bo ilẹ̀, oòrùn kò gbóná, èmi kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìpara oòrùn ṣe.

Ará Etíkun
Ẹ̀gbọ́n mi, ooru kọ́ ló ń bá awọ jẹ́, ìtànṣán tí ojú kò rí ni. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lè dá tó ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ padà sójú yín láti ìsàlẹ̀, tí fìlà kò fi ní lè gba abẹ́ imú yín sílẹ̀. Ìkùukùu pàápàá kì í ṣe òrùlé. Ní ìlú tiwa, a mọ̀ pé oòrùn le, a ń dé fìlà elétí gbòòrò, a sì ń wo nọ́ńbà ìtànṣán lórí fóònù: bó bá ti dé 3, a ti pa ìpara nìyẹn. Ìlú yín ló ń tan yín jẹ.

Ará Ìlú Yìnyín
Mo gbọ́, n kò jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo rà ló ń sọ mí di ẹni tó fi ẹfun kun ojú.

Ará Etíkun
Èyí tó ní zinc oxide láìní àwọ̀ kankan nìyẹn. Ẹ wá èyí tí wọ́n po àwọ̀ ilẹ̀ mọ́, tí nọ́ńbà ààbò ara rẹ̀ (SPF) jẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 30 ń dá nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 ìtànṣán UVB, èyí tó ń jó awọ, dúró. Ẹ tún un pa ní wákàtí méjì-méjì tí ẹ bá wà níta. Imú la máa ń gbàgbé jù, pàápàá kòtò ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀ àti ibi tí awò ojú jókòó sí, tí ọ̀fìnkìn bá sì ń ṣe wá, áńkáṣíìfù ló ń nu gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, omi ń bọ́ lójú mi. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ìbá ti rí kókó yìí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó máa ń di àgbọ̀n ẹni mú, á yí ojú ẹni sí ìmọ́lẹ̀, á máa wò ó ní fínnífínní. Níbí, ta ló ń wo ojú ẹni?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Àárò tìyá tèmi náà sọ mí báyìí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ pè wọ́n lọ́la, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa: oṣù mẹ́ta, kò jinná, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnìkan ti yẹ ọjọ́ tirẹ̀ kí wọ́n fi yín síbẹ̀. Pàjáwìrì kọ́, àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá.

Ìyá Ìbejì
Mo ti gbé owó ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ya àwòrán rẹ̀ kí n lè mọ̀ bó bá ń tóbi. Àwọn ọmọ ti jí, ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn.