«Okun» àti «okùn» lójú fóònù kan náà: àwọn ọ̀rọ̀ fún ètò oúnjẹ inú ilé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka àbá mẹ́jọ tí wọ́n gbé síwájú wa fún ìtumọ̀ áàpù tó ń bá ìdílé to oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, tó sì ń ṣírò ohun tó wà nínú oúnjẹ náà. Àwọn àbá ọ̀hún rèé: «ohun èlò» fún áàpù, «èròjà» fún nǹkan tí a fi se ọbẹ̀ àti fún nǹkan tí oúnjẹ ń ṣe lára, «okun» fún kálórì, «okùn oúnjẹ» fún fáíbà (apá oúnjẹ tí inú wa kì í dà), «iyọ̀» fún sódíọ̀mù, «tútù» fún ohun tí a kò tíì sè, «ìpín» fún ìwọ̀n tí a bù lẹ́ẹ̀kan, «àjẹkù» fún oúnjẹ tó ṣẹ́ kù. Tí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí ènìyàn ò lè gbèjà. Wàhálà wọn ni pé ojú fóònù kan ni gbogbo wọn yóò jọ wà, níwájú ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ro ọbẹ̀, tó ń fi ìka ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú «ohun èlò» kọ́kọ́. Ẹni tó bá ka «Ẹ ṣí ohun èlò yín» nínú ilé ìdáná, agolo tòmátì ni yóò ṣí. Èlò ọbẹ̀ ni ata, àlùbọ́sà, irú àti edé. Ohun èlò ilé ìdáná ni ìkòkò àti abọ́. Kí áàpù máa jẹ́ áàpù, ẹnu gbogbo ayé ti mọ́ ọn. «Èròjà» náà ń ru ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn elétò ìlera orí rédíò ti fi «èròjà aṣaralóore» sí wa létí tipẹ́, nítorí náà mo dábàá pé kí èlò jẹ́ ohun tí a rà lọ́jà tí a dà sínú ìkòkò, kí èròjà sì jẹ́ ohun tí ojú kò rí nínú rẹ̀: amáradàgbà, ọ̀rá, fítámì, fáíbà. Nígbà náà, bí ojú ìwé kan bá ní «Èlò» lókè àti «Èròjà» nísàlẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò lọ wá ọ̀rá ní ìsọ̀ aláta.

«Okun» ló ká mi lára jù. Kì í ṣe pé kò bá ìtumọ̀ mu; a ti ń pe iṣu, gàrí àti ìrẹsì ní oúnjẹ afúnnilókun láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyìn ni okun lẹ́nu wa. Bí áàpù bá kọ ọ́ sábẹ́ páfù àti mínírà pé «okun inú oúnjẹ yìí pọ̀ jù», ta ni yóò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni? Ìyá àgbà á ní kí wọ́n tètè gbé e wá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kálórì kì í ṣe okun fúnra rẹ̀, òṣùwọ̀n okun ni, bí kìlómítà ṣe jẹ́ òṣùwọ̀n ọ̀nà. A kò dá orúkọ mìíràn fún kìlómítà, ilẹ̀ kò sì ya. Ẹ kọ «Okun: 300 kálórì», kí ohun tí à ń wọ̀n jẹ́ Yorùbá, kí òṣùwọ̀n jẹ́ òṣùwọ̀n.

Ìdí mìíràn tún wà. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kálórì, kìlókálórì ni, èyí tí páálí oúnjẹ ń kọ ní kcal. Lórí páálí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kJ, òṣùwọ̀n okun mìíràn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 1 kcal sì jẹ́ 4.184 kJ. Ẹni tó bá kọ nọ́mbà kJ sí àyè kcal ti sọ oúnjẹ rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin lójijì. Bí a bá pe méjèèjì ní «okun», a ti já ọ̀nà tí onítọ̀hún ìbá fi rí àṣìṣe rẹ̀.

Wàyí o, ẹ gbé «okùn oúnjẹ» sí ẹ̀gbẹ́ «okun», kí ẹ wá rántí bí àwa fúnra wa ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìgbákọ ẹ̀wà kan yóò jáde báyìí:

Okun 300
Okun 7

Ọ̀kan ni agbára, ọ̀kan ni ìjàrá, òkun tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má sọ fún mi pé àmì ohùn yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, kì í rí bẹ́ẹ̀. Kí fáíbà ṣì máa jẹ́ fáíbà títí a ó fi rí ọ̀rọ̀ tó sàn jù.

Lórí «iyọ̀» fún sódíọ̀mù, n kò ní gbà rárá, torí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò san gbèsè rẹ̀. Iyọ̀ gíráàmù 2.5 ni sódíọ̀mù gíráàmù 1 ń bẹ nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ni pé kí sódíọ̀mù má tó gíráàmù 2. Páálí Amẹ́ríkà a máa kọ sódíọ̀mù ní mílígíráàmù. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ iyọ̀ ní gíráàmù. Bí áàpù bá túmọ̀ «sódíọ̀mù 800 mg» sí «iyọ̀ 800 mg», bàbá tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru yóò rò pé òun ò tíì jẹ tó ìdá kan nínú márùn-ún iyọ̀ òòjọ́. Gíráàmù 2 gan-an ló ti jẹ, ìdá méjì nínú márùn-ún. Mágí tí a rún sínú ọbẹ̀ náà nílò ìlà tirẹ̀ nínú èlò, nítorí bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ iyọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kà á mọ́ iyọ̀.

Ó wá ku «tútù». Ẹni tó dábàá rẹ̀ rò ó dé orí ẹran tútù àti ẹja tútù, ó sì gba bẹ́ẹ̀. Ó gbàgbé ìrẹsì. Ìrẹsì tútù ni ìrẹsì àná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Ìrẹsì funfun tí a kò tíì sè ní bí kálórì 365 nínú gíráàmù 100. Tí a bá ti sè é, tó ti mu omi, gíráàmù 100 kò ju bíi 130 lọ. Ẹni tó bá wọn gíráàmù 150 ìrẹsì àná tó wá yan «ìrẹsì tútù», áàpù yóò ka kálórì 548 sí i lọ́rùn, nígbà tó jẹ́ 195 ló jẹ. Ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta, á pa áàpù náà rẹ́, á ní irọ́ ló ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà: gbígbẹ rẹ̀ tó 336 nínú gíráàmù 100, sísè rẹ̀ jẹ́ 116. Nítorí náà, «àìsè» fún ìrẹsì àti iṣu, «gbígbẹ» fún ẹ̀wà àti èlùbọ́, «sísè» fún ohun tó ti kúrò lórí iná. Kí «tútù» dúró ti ẹran, ẹja àti ata.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àríyànjiyàn lásán ni, ẹ jẹ́ ká fi ìkòkò kan dán an wò. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 400 jẹ́ kálórì 1,344. Epo pupa ṣíbí mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba mílílítà 15, jẹ́ bíi 480. Àlùbọ́sà àti ata kò tó 100. Gbogbo rẹ̀ súnmọ́ 1,900. Ẹ wọn ìkòkò òfìfo kí ẹ tó gbé e kaná, ká ní ó jẹ́ gíráàmù 1,100. Nígbà tí ẹ̀wà bá jinná, ẹ tún un wọ̀n tòun toúnjẹ: 2,620. Oúnjẹ inú rẹ̀ jẹ́ 1,520, kálórì 1.25 nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ìgbákọ tó gba gíráàmù 240 jẹ́ kálórì 300. Bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bá yan «sísè» níbi tó yẹ kó yan «gbígbẹ», kálórì 880 ti pòórá nínú ìkòkò yẹn, láìsí ẹni tó jẹ ẹ́. Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni epo: ọ̀pọ̀ ń da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì tààrà, wọ́n á wá kọ «ṣíbí kan». Kí áàpù bèèrè ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì ṣáájú àti lẹ́yìn, ìyẹn kì í purọ́.

«Ìpín» dára fún ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìkòkò ilé. Àmọ́ ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ kọ sára páálí bísíkíìtì kì í ṣe ìpín ẹnikẹ́ni. Páálí kan lè sọ pé ìwọ̀n méjì ló wà nínú òun, kí ọmọ kan sì dá a jẹ tán. A nílò ọ̀rọ̀ méjì. Ẹnìkan ti mẹ́nu ba «àbùjẹ», ṣùgbọ́n ajá ló ń bu ènìyàn jẹ. «Ẹ̀bù» ti wà lóko, iṣu tí a gé fún gbígbìn ni. Èmi fara mọ́ «ìwọ̀n ìbùlẹ́ẹ̀kan» fún ti páálí. Ó gùn, mo mọ̀, bọ́tìnì kékeré kò lè gbà á.

Lórí «àjẹkù», ẹ fojú inú wo ètò ọ̀sẹ̀ tó kọ «Ọjọ́rú, ọ̀sán: àjẹkù». Ẹnu ẹlòmíràn ti kan àjẹkù. Ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ sè pọ̀ lọ́jọ́ Sunday kí a lè jẹ ẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, àsèsílẹ̀ ni. Èyí tó ṣèèṣì ṣẹ́ kù nínú ìkòkò, àṣẹ́kù. Kí àsèsílẹ̀ ní àyè «ọjọ́ tí a sè é», kí áàpù sì kìlọ̀ tí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin bá pé nínú fíríìjì. Ìrẹsì ló yẹ ká tètè gbé sínú òtútù jù, kó má ju wákàtí méjì lọ níta, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí irúgbìn wọn kì í kú sínú omi híhó. Níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í ti í dúró, ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Mo fara mọ́ èlò àti èròjà, mo fara mọ́ àìsè. Ṣùgbọ́n ẹ ti tètè jọ̀wọ́ fáíbà jù. Ṣebí a ní «èèrí»? Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ ọ́n: ohun tí asẹ́ dá dúró, tí a dà fún ewúrẹ́. Bí a bá ní ògì ti pàdánù èèrí rẹ̀, ìyá tí kò ka ìwé rí yóò mọ ohun tí à ń sọ, yóò sì mọ ìdí tí ẹ̀kọ fi ń tètè dà nínú ju àgbàdo sísè lọ. Fáíbà kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ẹ tún dákẹ́ lórí orúkọ ètò náà fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní «àtòjẹ». Nínú ilé, «táìmùtébù oúnjẹ» ni mo ń gbọ́. Ẹ wo «àtòjẹ» láìsí àmì, kí ẹ sọ ohun tí ojú yín kọ́kọ́ rí níbẹ̀.

Ìbéèrè kan: tí ènìyàn bá wá «oka» nínú áàpù, kí ni kó rí?

—

Àbúrò mi, o ṣeun. Ojú mi rí i, mi ò ní kọ ọ́ síbí. «Ètò oúnjẹ» ni kí a lò, kí ẹni tó bá tẹ táìmùtébù náà sì bá a níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èèrí rẹ wọ̀ mí létí, àpèjúwe rẹ̀ sì ni kí a fi ṣàlàyé fáíbà fún ẹni tó bá tẹ àmì ìbéèrè. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ orúkọ. Inú ọkà nìkan ni èèrí ti ń jáde. Ẹ̀fọ́ kò ní èèrí, ọsàn kò ní, ti ẹ̀wà sì ń jẹ́ èèpo. Yọ àmì rẹ̀ kúrò, kí o wá kà á: «Ewa, eeri 7 g». Èérí! Wọ́n á ní a kò ṣa ẹ̀wà náà dáadáa. Mo ti gbìyànjú «èròjà àìdà» náà, inú tí kò da oúnjẹ ló gbé wá sí ọkàn mi. Fáíbà.

Ní ti «oka»: ní ọ̀pọ̀ ibi, ọkà ni àmàlà; níbòmíràn, ọkà ni irúgbìn, ọkà bàbà àti àgbàdo. Kí áàpù má yàn fún un. Kí ó gbé àmàlà, èlùbọ́, ọkà bàbà àti àgbàdo jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ «sísè» tàbí «gbígbẹ» sí iwájú wọn, nítorí gíráàmù 100 èlùbọ́ gbígbẹ lé ní kálórì 300, omi ló sì kún inú àmàlà tí a ti rò.