Mo ń sùn, síbẹ̀ ó ń rẹ̀ mí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ó Ti Rẹ̀ Mí: Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ó di oṣù márùn-ún báyìí tí àárẹ̀ ti dè mí mọ́lẹ̀. Mo lè sùn láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, tí mo bá sì jí, á dà bí ẹni pé mo ru ẹrù mọ́jú. Ti ibi iṣẹ́ ló tún ń dùn mí jù. Ọ̀gá wa kó wa lọ sí àjà kẹta, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó bìkítà. Èmi tí mo ti sìn wọ́n fún ọdún mọ́kànlá! Tí mo bá dé àjà kejì, àfi kí n di irin àtẹ̀gùn mú, màá máa gbọ́ tí ọkàn mi ń lù kì-kì-kì nínú etí mi, àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé òpó ni mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ rọra o." Bàbá ta ni?

Ìyàwó mi náà, dípò kó ṣàánú mi, ọ̀lẹ ló ń pè mí. Ó ní tí n bá ti wọlé, àga ni mo ń lẹ̀ mọ́. Mi ò mu ọtí, mi ò fa sìgá, mi ò lo oògùn kankan, àfi oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, tí mo rà lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òun náà ò sì ṣe nǹkan kan. Kí ló ń ṣe mí?

Adùnní: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ṣé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò kankan?

Bọ̀dá Mẹkáníìkì: Ohun tó ṣe mí gan-an nìyí. Wákàtí mẹ́jọ ni mò ń sùn, síbẹ̀ màá fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí ìdarí mọ́tò. Ìyàwó mi ló sọ fún mi pé mò ń hanrun, pé èémí mi á dá wáí, lẹ́yìn náà màá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú omi. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun mi ló ń pa dé lójú oorun. Ẹ̀rọ kan wà tí mò ń dè mọ́ imú sùn báyìí, atẹ́gùn tó ń fẹ́ ni kì í jẹ́ kó pa dé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo fẹ́ jù ú nù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jí láago márùn-ún, mo fọ mọ́tò mi kí ilẹ̀ tó mọ́, omi sì ń bọ́ lójú mi torí ayọ̀. Ẹ bi ìyàwó yín bí ẹ ṣe ń sùn.

Ìyá Ìbejì: Ìtọ̀ ṣúgà ni o! Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ mi nìyẹn. Á mu omi mu omi, á tún dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóru. Tí wọ́n bá yẹ ṣúgà wò láìjẹun tó sì jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, àrùn náà ti wà lára nìyẹn. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la.

Àlàbí B: Ọkùnrin tó bá ti lé lógójì, agbára ọkùnrin ló ń lọ sílẹ̀. Kí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ testosterone, èròjà tó ń fún ọkùnrin lágbára, ó parí.

Olùkọ́: Àlàbí, ẹ má ṣi èèyàn lọ́nà. Àárọ̀ ni wọ́n ń yẹ nǹkan yẹn wò, ó kéré tán lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Àbúrò mi gbà á láìbi dókítà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń wá ọmọ. Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí àtọ̀ rẹ̀ ní irú ọmọ nínú mọ́.

Àlàbí B: Ta ló ń wá ọmọ níbí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Ẹ lọ yẹ ṣúgà wò.

Ó Ti Rẹ̀ Mí: Ẹ ṣeun. Ọmọ ọdún 46 ni mí. Mi ò hanrun, mo ti bi ìyàwó mi. Mi ò sì ń dìde tọ̀ lóru. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi. Ṣé ó tọ́ kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn máa gun àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ̀gbọ́n, àtẹ̀gùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Èémí tó ń tán, ọkàn tó ń lù nínú etí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó ló sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ yín wálẹ̀: ṣé inú rẹ̀ pọ́n? Báwo ni àwọ̀ ìgbẹ́ yín ṣe rí? Ẹ tún sọ gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì fún mi, títí kan oògùn ara ríro.

Ó Ti Rẹ̀ Mí: Kò pọ́n rárá. Ìgbẹ́ mi dúdú, ọ̀rẹ́ mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Ti ara ríro kì í ṣe oògùn àìsàn, orúnkún mi ni mò ń lò ó fún. Diclofenac lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nígbà míì mo máa ń fi ibuprofen lé e. Ó ti tó oṣù méje. Tí n ò bá lò ó, mi ò lè dé àjà kẹta. Ṣé kí n jókòó sílé ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò lo oògùn kankan! Oṣù méje!

Adùnní: Màmá, ẹ má bá wọn wí báyìí. Òótọ́ ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Mo rí i nígbà tí mo lóyún.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Òótọ́ ni. Torí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Kí ẹ tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn, ṣé ó ti dúdú?

Bọ̀dá Mẹkáníìkì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá wọn lóhùn o.

Ó Ti Rẹ̀ Mí: Ó ti dúdú. Ó tó oṣù kan ṣáájú. Ó ń lẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí títì, òórùn rẹ̀ sì burú. Ojú ló tì mí, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ̀jẹ̀ ni dúdú yẹn. Àwọn oògùn ara ríro yẹn máa ń ba ohun tó ń dáàbò bo inú ikùn jẹ́, ọgbẹ́ á dá sí i, á máa ṣẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ láìjẹ́ pé inú ń run èèyàn. Bí ẹ mu gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ayé, ibi tó ń jò ṣì ń jò. Tí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ò bá tó, a gbọ́dọ̀ wá ibi tó ń gbà lọ, torí jẹjẹrẹ ìfun náà lè fà á. Ẹ lọ sílé ìwòsàn báyìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ má wa mọ́tò fúnra yín. Ẹ kó páálí oògùn náà dání, ẹ má sì gbé ọ̀kan mì mọ́.

Àlàbí B: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé abẹ́rẹ́ tí mo sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ.

Ó Ti Rẹ̀ Mí: Ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ èyí, ẹ kú àná. Hemoglobin rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó, jẹ́ 6.8, wọ́n ní ti ọkùnrin kì í yẹ kó wà lábẹ́ 13. Àpò ẹ̀jẹ̀ kejì ló ń wọlé báyìí. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo inú ikùn rẹ̀, wọ́n rí ọgbẹ́ méjì, wọ́n sì ti dá èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ dúró. Wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò H. pylori, tí òun náà máa ń fa ọgbẹ́ inú ikùn, wà níbẹ̀. Páálí oògùn mẹ́fà ni mo rí nínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, mẹ́rin ti ṣófo. Mo sì pè é ní ọ̀lẹ lójú àwọn ọmọ. Ó ń sùn báyìí, ètè rẹ̀ ti ń pọ́n padà díẹ̀díẹ̀. Kó tó sùn, ó ní kí n béèrè: kí ni kó máa lò sí orúnkún náà?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ ṣeun tí ẹ tètè gbé wọn lọ. Ẹ bi dókítà wọn nípa paracetamol, òun kì í dá irú ọgbẹ́ yẹn sí ikùn. Ẹ sì ní kí wọ́n yẹ orúnkún náà wò kí wọ́n tó dá yín sílẹ̀, torí kò tíì sẹ́ni tó wò ó.