Káàdì gíráfíìkì méjì àbí ẹyọ kan? Ohun tójú mi rí rèé

Ẹ̀yin ará, mo lo káàdì méjì pọ̀ fún bí ọdún kan ààbọ̀ kí n tó padà sí ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

GTX 970 kan, káàdì NVIDIA, ni mo kọ́kọ́ ní. Ó ń ṣe dáadáa, àmọ́ nígbà tí mo gbé mọ́nítọ̀ 1440p tó ń béèrè iṣẹ́ púpọ̀ sí i wálé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ń tú kọ̀ǹpútà tiẹ̀ palẹ̀, irú káàdì yẹn gan-an ló wà nínú ẹ̀, ló bá kó o fún mi. Mo ki Kẹ́hìndé bọ abẹ́ Táyé (orúkọ tí mo sọ wọ́n nìyẹn), mo fi afárá SLI (SLI ni ọ̀nà tí NVIDIA fi ń mú káàdì méjì jọ ṣiṣẹ́) so wọ́n lórí, mo tan án nínú driver (ètò tó ń darí káàdì), mo ṣí géèmù GTA V. Níbi tí mo ti ń rí nǹkan bí 50 fps (iye àwòrán ní sẹ́kọ́ǹdù kan) tẹ́lẹ̀, ó ń kọ 85 lójú mi. Díẹ̀ ló kù kí n jó.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó fura. Tí mo bá ń wa mọ́tò nínú géèmù yẹn, tí mo wá yà sọ́tùn-ún, àwọn òpó iná ẹ̀bá ọ̀nà kì í yọ̀ kọjá gẹ́rẹ́. Wọ́n ń ta pọ́n, ta pọ́n, bí ìgbà tí akólòlò ń sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ní 85, ojú mi ní irọ́ ni.

Mo wá lọ kà nípa ẹ̀. AFR ni wọ́n ń pe ọgbọ́n tí wọ́n ń dá: Táyé á ya àwòrán kìíní, Kẹ́hìndé á ya ìkejì, Táyé á tún ya ìkẹta. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọn kì í jíṣẹ́ ní àkókò tó dọ́gba. Tó bá jẹ́ 60 fps ni, ó yẹ kí àwòrán kan máa wọlé ní mílísẹ́kọ́ǹdù 16.7 síra. Ká ní ọ̀kan dé lẹ́yìn 8, èyí tó tẹ̀ lé e dé lẹ́yìn 25, òmíràn lẹ́yìn 8, òmíràn lẹ́yìn 25. Ohun tó ń ka FPS á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, á pín in, á ní 60 ni. Ojú kì í ṣe ìṣirò ní tiẹ̀, 25 yẹn ló ń rí, ìyẹn sì jẹ́ 40 fps.

Ká má tíì sọ ti ooru. Táyé tó wà lókè, èéfín gbígbóná Kẹ́hìndé ló ń mí sínú. Kẹ́hìndé á wà ní 68, Táyé á ti dé 82, fáànù ẹ̀ á máa ké bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. Tí géèmù ò bá sì ní profile SLI (ètò tó ń sọ fún driver bí káàdì méjì ṣe máa pín iṣẹ́ géèmù yẹn), Kẹ́hìndé á kàn jókòó máa wòran.

Mo ta àwọn méjèèjì, mo fi owó kún un, mo ra GTX 1080 kan. Wáàtì 180 ló ń jẹ, 970 kọ̀ọ̀kan ń jẹ 145, ẹ ro ó pọ̀. FPS mi nínú GTA V ò tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn òpó iná yẹn ń yọ̀ kọjá gẹ́rẹ́.

Èsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ti mẹ́mọ́rì ni tèmi. R9 290 méjì, káàdì AMD, 4GB, 4GB. Gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ mi ni mo ń sọ fún pé 8GB ni mo ní. Mo gbé texture (àwòrán tí wọ́n fi ń bo ara nǹkan inú géèmù) dé góńgó, géèmù gan pa. Mo bú driver, mo yọ ọ́, mo tún un fi sí, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àṣé ohun tó wà nínú èkíní náà ni wọ́n ń dà kọ sínú èkejì, torí káàdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní gbogbo ohun tó fẹ́ fi ya àwòrán tiẹ̀ lọ́wọ́. 4GB náà ni. Ojú tì mí.

Èsì

Ẹ̀yin àbúrò mi, SLI tẹ́ ẹ̀ ń bú yìí, mo mọ bàbá ẹ̀. Voodoo2 méjì ni mo lò, ti ilé iṣẹ́ 3dfx, ti 1998. Nígbà yẹn, wọn kì í pín àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán kan náà ni wọ́n jọ ń yà: ọ̀kan á mú ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, èkejì á mú ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Ẹyọ kan ò lè kọjá 800×600, méjì á gbé ọ dé 1024×768. Ẹ sì máa rẹ́rìn-ín: Voodoo2 ò mọ 2D rárá, nítorí náà káàdì kẹta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà fún ẹ. NVIDIA ló kó ẹrù 3dfx nígbà tí ilé dà wó, wọ́n sì tún orúkọ SLI gbé jáde ní 2004. Orúkọ ló padà wá, ìwà ò bá a wá.

Èsì

Ẹ má bú u jù o. Mo ń fi Blender (ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán 3D) ṣiṣẹ́, káàdì méjì ló wà nínú ẹ̀rọ mi dòní, láìsí afárá kankan. Kálukú mú apá tiẹ̀, àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì. Ti géèmù ló ti parí. TAA (ọgbọ́n tó ń mú etí àwòrán jọ̀lọ̀) tí ọ̀pọ̀ géèmù ń lò báyìí máa ń bojú wẹ̀yìn wo àwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, àwòrán ọ̀hún sì wà lọ́wọ́ káàdì kejì. Kó tó gbà á, èrè ti lọ. NVIDIA fúnra wọn ò ṣe profile tuntun mọ́ láti oṣù kìíní 2021, RTX 4090 ò sì ní ojú ibi tí afárá ń wọ̀.

Èsì

Ẹ jọ̀ọ́, GTX 1060 ni mo ní, ẹnìkan fẹ́ fún mi ní ìkejì ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n gbà?

Èsì

Gbà á kíá. Àmọ́ wo orí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ dáadáa: kò sí eyín wúrà tí afárá SLI máa ń gé mọ́ níbẹ̀, wọn ò ṣe é sí 1060 rárá. Fi èkejì sínú kọ̀ǹpútà àbúrò ẹ, kẹ́ ẹ jọ máa gbá géèmù.