Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ihò abẹ́lẹ̀ Cu Chi ní Vietnam, a ti sanwó, ọkàn mi ò sì balẹ̀

Ìyá Àyọ̀kẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ihò abẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi jagun ní Cu Chi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Ho Chi Minh ní Vietnam, kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn. Inú ń bí mi gan-an. A ti san owó ìrìn ọjọ́ kan fún éjẹ́ńtì láti bí oṣù méjì. Lórí fóònù, ó ní Ben Duoc là ń lọ, pé ibẹ̀ ló dákẹ́ jù. Ìgbà tí rìsíìtì dé, Ben Dinh ni wọ́n kọ sí i. Mo pè é, kò gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó ní "ọ̀kan náà ni." Ṣé ọ̀kan náà ni lóòótọ́?

Owó yẹn dùn mí, ẹ kúkú mọ ohun tí náírà ti dà. Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni bó ṣe ń fi mí ṣe ará oko torí pé mo ní Tákìẹ́ ni mo ń gbé. Àbúrò ọkọ mi obìnrin náà ò jẹ́ n gbádùn, ó ní òun ti wí tẹ́lẹ̀ pé ká lọ sí Dubai. Mo ti ra bàtà rọ́bà, mo ra fìlà, mo ra báàgì àgbékọ́yìn mẹ́ta. Ohun tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì ni pé a máa gbéra láago méje àárọ̀, a máa kọ́kọ́ lọ wo tẹ́ḿpìlì kan ní Tay Ninh, ká tó dé ibi ihò lọ́sàn-án. Ṣé kí n gba owó mi padà ni, àbí ká lọ bẹ́ẹ̀?

Akínlabí, Ọ̀yọ́
Kì í ṣe ọ̀kan náà, Ìyá Àyọ̀kẹ́. Gbogbo ihò Cu Chi pọ̀ tó nǹkan bí 250 kìlómítà, ṣùgbọ́n ibi méjì ni wọ́n ṣí fún àlejò. Ben Dinh ló sún mọ́ ìlú, nǹkan bí 50 kìlómítà láti àárín Ho Chi Minh. Ben Duoc tó 70. Ìyàtọ̀ 20 kìlómítà yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì máa já èrò sí Ben Dinh, ibẹ̀ ló sì ń kún fọ́fọ́. Ben Duoc gbòòrò, èrò ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní ilé ìrántí ńlá kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sógiri rẹ̀, orúkọ tó lé ní 44,000. Ohun tó wà lórí rìsíìtì ni wọ́n máa ṣe fún yín, kì í ṣe ohun tí ẹnu sọ lórí fóònù.

Tẹ́ḿpìlì Tay Ninh yẹn, ti ẹ̀sìn Cao Dai ni. Ó tó 100 kìlómítà sí ìlú, àdúrà aago méjìlá ọ̀sán sì ni àwọn àlejò ń lọ wò. Torí àdúrà yẹn ni wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ ó wá dé ibi ihò ní nǹkan bí aago méjì sí mẹ́ta, ìjókòó inú ọkọ̀ ti mú yín lẹ́yìn, oòrùn sì ti le. Ihò ló yẹ ká fi àárọ̀ ṣe. Ọjọ́ wo lẹ ń lọ? Àwọn ta ló ń lọ? Ẹ ò sọ ìkankan nínú méjèèjì.

Ìyá Ìbejì, Owódé
Ẹ̀yin èèyàn wa! Ẹ ó sanwó tán kí ẹ tó wá béèrè. Ẹ tún rìsíìtì yẹn kà, ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Ṣé owó ìwọlé wà nínú ohun tí ẹ san? Nínú èyí tó bá pọ́ọ́kú, kì í sí níbẹ̀, ẹ ó tún san án lẹ́nu géètì ní đồng, owó Vietnam. Èèyàn mélòó ló máa wà nínú bọ́ọ̀sì? Èdè wo ni amọ̀nà máa sọ? Ṣé wọ́n máa yà ní ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ti ń fi èèpo ẹyin ṣe àwòrán? Ọ̀pọ̀ wọn ló ń yà síbẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí kí ẹ lè rajà, ìṣẹ́jú yẹn kì í sì í padà wá.

Bàtà rọ́bà kọ́ ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀ o. Kánfáàsì tó bo ìka ẹsẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ sì di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀.

Ìyá Àyọ̀kẹ́
Bàtà rọ́bà tí mo rà kì í yọ̀, mo ti fi rìn lórí táìlì tó tutù. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ni. Éjẹ́ńtì ló mú ọjọ́ náà, èmi kọ́. Kò sí owó ìwọlé níbẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, lẹ́tà kín-ń-kín-ń ni wọ́n fi kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ wo irú ìwà yẹn!

Akínlabí, Ọ̀yọ́
Há! Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin kẹ̀? Ọjọ́ yẹn ni ogun Vietnam parí ní 1975, nígbà tí ọkọ̀ ogun já géètì ààfin ìjọba wọlé ní Saigon, ìlú tó di Ho Chi Minh lónìí. Ọjọ́ ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ni, ọjọ́ kejì rẹ̀ náà sì jẹ́ ìsinmi òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọ onílé gan-an ló máa kún Cu Chi lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó sì tò kí ẹ tó wọ ihò. Oṣù kẹrin tún wà lára ìgbà tí ooru mú jù níbẹ̀. Ọjọ́ 28 ni kí ẹ sún un sí.

Ọmọ Jagun
Ẹ jẹ́ n sọ bí inú ihò ṣe rí, kẹ́nì kankan má fi àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì tan yín. Ilẹ̀ ibẹ̀ jọ ilẹ̀ pupa tiwa, amọ̀ tó bá gbẹ a máa le bíi bíríkì. Ìdí nìyẹn tí ihò ò fi wó láìsí òpó. Ọkọ́ kékeré àti agbọ̀n oparun ni àwọn jagunjagun Vietnam fi gbẹ́ ẹ, láti ìgbà tí wọ́n ń bá Faransé jà ní ìparí àwọn ọdún 1940. Nígbà tí Amẹ́ríkà náà wá bá wọn jà, ó kó ọmọ ogun wá láti ba ihò náà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì gbòógì, ní oṣù kìíní 1966 àti oṣù kìíní 1967, wọn ò rí i pa tán. Ìpele mẹ́ta ló ní. Èkíní tó mítà 3 sísàlẹ̀, ìkejì tó 6, ìkẹta sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Apá tí wọ́n ń jẹ́ kí àlejò gbà kò ju nǹkan bí 100 mítà. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ fẹ̀, síbẹ̀ àgbà ò lè nàró níbẹ̀. Lórí ìlóṣòó tàbí lórí orúnkún lẹ ó gbà kọjá. Ibi ìjáde wà ní bíi ogún mítà síra wọn, ibi tó bá sú yín lẹ lè gbà jáde. Ooru inú rẹ̀ wúwo, afẹ́fẹ́ kéré, àdán a sì máa fò kọjá lójú ẹni. Ẹ má gbé báàgì kankan wọlé, àjà ni yóò máa há mọ́. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, torí amọ̀ yẹn kì í bọ́ lára aṣọ funfun. Ẹ fi ìpara ẹ̀fọn pa ara kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ sì mu omi dáadáa ṣáájú.

Nǹkan méjì ni kí ẹ má jẹ́ kó yẹ̀ yín. Àkọ́kọ́ ni ẹnu ọ̀nà ìkọ̀kọ̀: pákó kékeré tí ewé bò, kò fẹ̀ ju nǹkan bí 30 sí 40 sẹ̀ntímítà lọ. Ẹ ó nawọ́ méjèèjì sókè kí èjìká tó lè wọlé. Ẹni tó bá sanra kó má gbìyànjú ẹ̀, jíjáde ló le ju wíwọlé lọ. Ìkejì ni ibi ìdáná. Wọ́n la ọ̀nà fún èéfín lábẹ́ ilẹ̀, ó ń gba inú ihò kan bọ́ sí òmíràn, ó ń tutù lọ, ìgbà tó bá fi máa yọ lókèèrè, kò ju ìrì lọ. Òwúrọ̀ kùtù nígbà tí kùrukùru wà ni wọ́n máa ń dáná. Ojú ihò tí wọ́n fi ń mí, òkìtì ọ̀gán ni wọ́n fi bò ó.

Ní ìparí, wọ́n á gbé oúnjẹ ogun fún yín: pákí bíbọ̀, ẹ̀pà gígún àti yánmọtí.

Ìyá Ìbejì, Owódé
Ẹni tí ẹ̀rù ihò bá ń bà kó wà lẹ́yìn pátápátá. Bí èémí rẹ̀ bá kúrú, ó kàn máa fà sẹ́yìn ni.

Ọmọ Jagun
Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn amọ̀nà gẹ́lẹ́ ni kó wà. Amọ̀nà ló mọ ibi ìjáde, kò sì sí ẹni tí yóò dí i lọ́nà níwájú.

Ìyá Ìbejì, Owódé
Àti èèyàn mẹ́wàá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Kò lè yípo, kò lè padà.

Ọmọ Jagun
Kí ló fẹ́ padà fún? Fífi orúnkún fà sẹ́yìn nínú òkùnkùn le ju kéèyàn lọ síwájú ogún mítà lọ.

Akínlabí, Ọ̀yọ́
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó ti pinnu láti wọlé, iwájú. Ẹni tí kò tíì dá lójú, ẹ̀yìn, kó lè padà kó tó rin mítà mẹ́ta. Èyí tó jẹ mí lógún nìyí: Ìyá Àyọ̀kẹ́, báàgì mẹ́ta lẹ rà. Ẹ̀yin àti ọkọ yín jẹ́ méjì. Ta ni ẹnì kẹta?

Ìyá Àyọ̀kẹ́
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ti ilé iṣẹ́ ọnà yẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lóòótọ́.

Ìyá Ìbejì, Owódé
Wọ́n bi yín ní nǹkan o.

Ìyá Àyọ̀kẹ́
Bàbá ọkọ mi ni. Ẹni ọdún 76. Mi ò sọ torí mo mọ̀ pé ẹ ó bú mi pé mò ń wọ́ àgbàlagbà kiri. Àwọn fúnra wọn ló ní àwọn fẹ́ rí i. Wọ́n ja ogun abẹ́lé, láti 1968 títí ó fi parí ní 1970. Orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n wọ́n lágbára, wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà Jagun. Ohun kan ṣoṣo ni pé táwọn ọmọ bá ń yin báńgà lásìkò ọdún, wọ́n máa ń dìde lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Wọn kì í jókòó lórí àga níbẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri.

Akínlabí, Ọ̀yọ́
Ẹ dúró ná. Ó yẹ kí èyí ti wà ní ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ.

Ibi ìyìnbọn wà nínú ọgbà yẹn, ìbọn gidi, ọta gidi. AK-47 wà níbẹ̀, M16 wà níbẹ̀, ọta mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sábà ń tà fún àlejò. Ní Ben Dinh, ó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń sinmi, gbogbo ọgbà ló sì ń gbọ́ ọ. Àwọn tó ń yin ín ni wọ́n ń fún ní ìbòtí. Ẹni tó jókòó ń mumi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà. Inú igbó lẹ wà, tó bá dún, ẹ ò ní mọ apá ibi tó ti wá. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀ gan-an, fíìmù ogun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi han àlejò, ariwo bọ́ǹbù wà nínú rẹ̀. Ben Duoc náà ní ibi ìyìnbọn. Yíyí ibẹ̀ padà nìkan kò tán ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ Jagun
Ẹni ọdún 76, orúnkún, ẹ̀jẹ̀ ríru: kí Bàbá má wọ ihò rárá. Ìlóṣòó nínú ooru, kí èémí má délẹ̀, ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè gan-an nìyẹn, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbé èèyàn tó dákú jáde kíákíá nínú ihò tí kò gba èèyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ gba owó yín padà, ẹ jókòó sílé.

Ìyá Ìbejì, Owódé
Jókòó sílé bí ti báwo? Ṣé Bàbá kì í ṣe àgbà ni? Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ sọ fún wọn pé ìbọn máa dún níbẹ̀, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ohun tó burú ni kí ìró yẹn bá wọn lójijì.

Akínlabí, Ọ̀yọ́
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀nà méjì síwájú wọn.

Ọ̀nà kìíní: ọkọ̀ àdáni, Ben Duoc, kì í ṣe bọ́ọ̀sì elérò. Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ẹ dé bí wọ́n bá ṣe ń ṣí géètì, kí àwọn tó ń yìnbọn tó pọ̀. Ẹ fo fíìmù. Ẹ sọ fún amọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kó yà kúrò ní ọ̀nà ibi ìyìnbọn. Ẹ ra ìdí etí onífóòmù, ẹ fi ìbòtí ńlá lé e. Bàbá á wà ní ilé ìrántí, ẹnì kan á wà lọ́dọ̀ wọn. Kí ọkọ̀ wà nítòsí, tí wọ́n bá ní ó tó, ó tó nìyẹn.

Ọ̀nà kejì, òun ni mo fẹ́ jù: ẹ fi wọ́n sáàárín ìlú. Ààfin tí mo sọ yẹn, Independence Palace, ní ilé abẹ́lẹ̀ oníkọnkéré tí ìjọba Gúúsù Vietnam, tí Amẹ́ríkà ń tì lẹ́yìn, fi ń darí ogun. Máàpù ṣì wà lára ògiri, rédíò àti fóònù ṣì wà lórí tábìlì. Èèyàn á nàró rìn níbẹ̀, kò sí ìbọn tó ń dún. Àtẹ̀gùn lẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ mú torí orúnkún. Kí ó má bọ́ sí ọjọ́ 30, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣàjọ̀dún.

Ìyá Àyọ̀kẹ́
Mo ti bá Bàbá sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, ọkọ mi wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Ìbọn gidi ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní àwọn yóò lọ wo ilé abẹ́lẹ̀ inú ìlú, kí èmi àti ọmọ àwọn lọ wo ihò, ká fojú sí ọ̀nà èéfín yẹn dáadáa, ká wá sọ fún àwọn bí wọ́n ṣe ṣe é.

Éjẹ́ńtì ti gbà láti yọ Tay Ninh kúrò, ó sún un sí ọjọ́ 28, láàárọ̀. Àmọ́ ó ní Ben Dinh kò yípadà. Ṣé ibi ìdáná yẹn wà ní Ben Dinh, àbí Ben Duoc nìkan ni?

Ọmọ Jagun
Ó wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún amọ̀nà kí ẹ tó wọlé, torí àwọn kan máa ń sáré kọjá rẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹ má dúró lórí ìdáná nìkan, ẹ ní kó fi ibi tí èéfín ti ń yọ hàn yín, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ wọn bó ṣe jìn tó. Nọ́ńbà yẹn ni Bàbá máa béèrè.

Ìyá Ìbejì, Owódé
Bàtà o, Ìyá Àyọ̀kẹ́.

Ìyá Àyọ̀kẹ́
Mo ti ra kánfáàsì.